Òdòdó Gbígbẹ Kì í Mu Omi

Ìsàlẹ̀ Èkó

Múlíkà, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn ọmọ ilé fún ọ. Ìyàwó Tájù àbúrò rẹ ti bímọ. Ọkùnrin ni, orí rẹ̀ tóbi bíi ti bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ju ti ládánì lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Ráṣíìdì. Àwọn ìbejì ojúlé kejì ti pé ogójì ọjọ́, ìyá wọn ti gbé wọn jáde, ó sì ti ń pariwo pé a kò kí òun tó. Sàlíù oníṣẹ́ bàtà, tí gbogbo agboolé ti rò pé kò ní gbéyàwó mọ́ láyé, ti so yìgì. Nígbà tí ààfáà fẹ́ bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọmọbìnrin náà, ó ti dáhùn kí ìbéèrè tó parí, gbogbo mọ́sáláṣí bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó kú. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ti dìde. Mo dúpẹ́.

Ó wá ku ìwọ.

Tájù ní kí n sọ ọ̀rọ̀ mi kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní rárá. Láti ìgbà tí mo ti parí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ kó bá mi gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ti fóònù lọ. Ọjọ́ tí o pè mí, ẹkún ń gbé ọ, ariwo wà lọ́dọ̀ mi, a kò sì gbọ́ ara wa yé dáadáa. Mo ṣì rántí bí o ṣe bẹ̀rẹ̀:

“Màámi, mo ti ba nǹkan jẹ́.”

“Kí lo bà jẹ́? Ṣé ọbẹ̀ ni?”

“Ì bá jẹ́ ọbẹ̀, ǹ bá ti se òmíràn.”

Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi.

O fẹ́ Kàmọ́rù, ọkùnrin rere tí aya rẹ̀ kú, o sì bá a kó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bùṣírá, ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ, fi ọmọ kan sílẹ̀, Ṣùkúrà, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó tún fi òdòdó gbígbẹ sílẹ̀: ìkòkò ńlá kan tó kún fún un nínú pálọ̀. Ọmọ náà ń pè ọ́ ní àǹtí, ó ń kúnlẹ̀ kí ọ láàárọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì ọ́ ní kíṣìnnì. Ọdún Iléyá wá ń bọ̀, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. O fọ kọ́tìnì, o fọ aṣọ àga. O rí eruku lórí òdòdó Bùṣírá, àánú rẹ̀ ṣe ọ́. O po omi ọṣẹ sínú basíà, o kó ìdajì òdòdó náà sí i, o sì fi ọwọ́ ra á bí a ṣe ń ra òdòdó oníke. Kí o tó mọ̀, ó ti dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Ṣùkúrà wọlé láti ilé kéwú. O ní kò sunkún. O ní ó ki ọwọ́ bọ basíà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú híjáàbù rẹ̀, omi ọṣẹ ń ro tótótó lára aṣọ, ó sì jáde lọ sí ilé Ràbí, àbúrò ìyá rẹ̀, tó wà lójú pópó kejì. Iléyá dé, Iléyá lọ, ọmọ kò padà. Kàmọ́rù kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n kò parí oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń sọ káàkiri pé ohun òkú kì í jẹ́ kí ìyàwó tuntun fẹsẹ̀ múlẹ̀.

O wá ní, “Màámi, mo fẹ́ kó ìyókù dànù. Mi ò lè máa wò ó mọ́. Mo máa wá sí Ìdúmọ̀tà wá ra oníke tó rẹwà.”

Múlíkà, má kó o dànù. Bí o kò bá ka gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí, ka ibi yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo sì mọ ibi tí o ti kọ́ fífọ òdòdó. Ọwọ́ mi ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, báńkóònì wa yìí ni ìwọ àti Tájù ti máa ń fọ òdòdó oníke tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, pupa àti yẹ́lò, tí ẹ óò sì fi kọ́ okùn aṣọ bí ẹni sá ẹja. Gbogbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé òdòdó kan wà tí kì í wẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, mo rí ara mi níbẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n fi ohun tí mo mọ̀ tún un ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni omi. O kò mọ Sìsí Ànjẹlíkà, ó ti lọ kí n tó bí ọ. Obìnrin Àgùdà ni, ní Pópó Àgùdà ni mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ òwò ní Jankara. Òkè ilé rẹ̀ ni a ti ń ránṣọ, àjà ibẹ̀ sì kún fún òdòdó tó fi okùn so, orí wọn wá sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn lọ sókè, bí àdán. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa ṣọ́ ilé. Mo gun orí àga, mo bu omi, mo fi ọwọ́ wọ́n ọn sí gbogbo òdòdó náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo rò pé èmi ni ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n jù ní Èkó.

Nígbà tí ó dé, ó gbójú sókè. “Ràmọ́tà, ta ló bomi rin òdòdó mi?”

“Èmi ni, Sìsí. Mo rí i pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n.”

“Òùngbẹ! Ràmọ́tà, ṣé o ti rí pańla tó ń bèèrè omi rí?”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Títí mo fi gba ìyọ̀ǹda, Bomirin-Pańla ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi mọ́. Pańla gbígbẹ lè wà nílé kó pẹ́ títí. Ọjọ́ tó bá kan omi, ìkòkò ọbẹ̀ ló kàn. Òdòdó gbígbẹ náà nìyẹn. Kì í mu omi, kì í wẹ omi, a kì í tilẹ̀ fi aṣọ tútù nù ún.

Eruku ńkọ́? Eruku kì í ṣe ìdọ̀tí tó ní agbára. Wá búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun àtíkè, èyí tí àtíkè kò tíì kàn rí. Fi ọwọ́ kan di igi òdòdó náà mú, fi èkejì gbá a fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ náà dára. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Bí o bá fẹ́ lò ó, atẹ́gùn tútù ni kí o tẹ̀, kí o sì dúró jìnnà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ yóò máa ṣa òdòdó nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí omi ọṣẹ bá ta sí lára àwọn tó kù nínú ìkòkò, yà wọ́n sọ́tọ̀. So wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta, dorí wọn kodò níbi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn kò sí. Fáànù lè fẹ́ sí wọn láti ọ̀nà jíjìn, ní jẹ́jẹ́. Èyí tó bá ti ń rùn tàbí tó ti bu, gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù kíákíá, nítorí ó máa ń ran ni. Ṣùgbọ́n gbígbé kúrò ni mo wí, n kò ní kí o sọ ọ́ nù. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Èkejì ni ibi tí a ń gbé e sí. Sìsí fún mi ní òdòdó róbótó kan báyìí, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyẹ́ àlùkò, nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Mo gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí títì, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i kí wọ́n bèèrè pé ta ló ni ilé yìí. Kí ọyẹ́ ọdún kejì tó dé, ó ti dà bí omi tíì tí wọ́n gbàgbé. Oòrùn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n bí ó bá gba àwọ̀, kì í dá a padà. Nítorí náà, gbé ìkòkò yẹn kúrò lójú fèrèsé. Má gbé e sábẹ́ fáànù gan-an, má gbé e sítòsí kíṣìnnì tàbí ilé ìwẹ̀. Mo sì mọ̀ pé o fẹ́ràn tùràrí lọ́jọ́ Jímọ̀. Sun tùràrí rẹ, ṣùgbọ́n kó wà ní yàrá mìíràn. Ẹni tó di òwú lẹ́rù kì í sún mọ́ iná. Òdòdó gbígbẹ àti òwú, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tí o kò ní rí. Ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé yín ní Ẹ̀pẹ́ náà ló wà lẹ́yìn ilé wa níbí, mo mọ̀ bí ó ṣe ń ṣe. Ó máa ń wọlé láìkànkùn. Bí òjò bá ń bọ̀, ti fèrèsé. Bí oòrùn bá yọ, ṣí i. Di ìrẹsì tí a kò tíì sè sínú aṣọ pélébé, fi sí ìdí ìkòkò náà, yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́. Máa pààrọ̀ rẹ̀. Fún kòkòrò, di kànáfùrù díẹ̀ mọ́ ọn. Má fín oògùn ẹ̀fọn sí i.

Má sì fi ọ̀rá dì í o, ó tì o. Mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta òrúnlá àti ìṣápá gbígbẹ ní Jankara, òjò kan ṣú, mo yára kó gbogbo ọjà mi sínú ọ̀rá, mo so ó pinpin. Mo ń fi àwọn tí ọjà wọn tutù ṣẹ̀sín. Nígbà tí mo tú u, gbogbo rẹ̀ ti bu, ó funfun bí irun orí mi yìí. Ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi wò ó, ó ní, “Ràmọ́tà, o kò lé òjò. O ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni.” Ohun gbígbẹ ń fẹ́ atẹ́gùn. Èèyàn náà ń fẹ́ ẹ. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ọ pé má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá ra oníke gbé síbẹ̀ tí gbogbo ilé dákẹ́, bíbu ni yóò máa bu nísàlẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ìwọ àti Kàmọ́rù kò rí.

Nígbà tí Kàmọ́rù wá tọrọ rẹ, mo bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀, nítorí ó yẹ kí ìyá mọ irú ilé tí ọmọ òun ń wọ̀. Ó ní, “Màámi, lẹ́yìn fìdáù, àwọn ẹbí rẹ̀ wá, wọ́n kó ẹrù rẹ̀, wọ́n pín in. Kò ku nǹkan kan àfi ọmọ.” Bí a ti ń ṣe é náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mú àpótí aṣọ, àbúrò mú góòlù, ẹnìkan mú ìkòkò, ẹnìkan mú ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí òdòdó gbígbẹ. Wọn kò kà á sí ẹrù. Kàmọ́rù tó ń gbé inú ilé pẹ̀lú rẹ̀ kò kà á. Ohun tí gbogbo àgbà wọ̀nyẹn kò kà sí ogún, ọmọ ọdún mọ́kànlá fi ṣe ogún rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o ki ọwọ́ bọ inú basíà yẹn, o rò pé ẹ̀ṣọ́ pálọ̀ lò ń fọ̀.

Ní ti àbúrò ọkọ rẹ tó ní kí a kó ohun òkú jáde: ilé tí òun alára ń gbé, ṣé kì í ṣe bàbá wọn tó ti kú ló kọ́ ọ? Kó kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde síta kí a rí i. Ṣùgbọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ fún un o. Èmi ni mo lè sọ ọ́. Ìwọ, “Ẹ ṣeun mà, mo gbọ́” ni tìrẹ.

Ohun mìíràn wà tí mo ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kí Tájù bá mi wá nọ́ńbà Ràbí, mo sì pè é. Ó kí mi dáadáa. Mo ní kó fún ọmọ náà ní fóònù.

“Màmá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà.”

“Ṣùkúrà, ọmọ Bùṣírá. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun mà.”

“Kí lo jẹ?”

“Ẹ̀bà.”

“Ta ló tẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni.”

“Ṣé kò ní kókó?”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ. “Ó ní díẹ̀.” Ó wá ní, “Màmá àgbà, ṣé àǹtí ti kó ìyókù dànù?”

Mo ní, “Rárá.”

“Ẹ búra.”

“Ọmọdé kì í ní kí àgbà búra.”

“Ẹ má bínú mà. Ṣùgbọ́n ẹ búra.”

Mo búra, Múlíkà. N kò tíì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, mo sì búra. Ó wá sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ kéré: “Àwọn tó wà nínú basíà yẹn, èmi àti mọ́mì la jọ so wọ́n. Mọ́mì ń mú igi, èmi ń so rọ́bà.” Ó ní ṣọkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣọkọ tí ìyá rẹ̀ gbìn sẹ́yìn ilé, tí kò jẹ́ kí wọ́n já gbogbo rẹ̀ fi se ẹ̀fọ́, tó jẹ́ kí ó yọ òdòdó. Ó ní òun ti sá wọn sórí ìwé ìròyìn ní ilé Ràbí, ṣùgbọ́n orí wọn ti já.

Ìwọ wò ó. Kò bi mí bóyá bàbá òun ń bínú. Kò ní kí n lé ọ. Ó bi mí bóyá òdòdó ṣì wà. Ẹni tó ń bèèrè ohun tó fi sílẹ̀ nílé, ilé ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo ní kí o ṣe nìyí, má sì jẹ́ kó pẹ́.

Lọ sí ilé Ràbí. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ. Má rán Kàmọ́rù, má sì jẹ́ kó tẹ̀ lé ọ, kí ọmọ má rò pé ẹ wá fi àṣẹ mú òun. Má ra bisikíìtì lọ́wọ́. Wọn yóò sọ fún ọ pé àgbà kì í bẹ ọmọdé. Èmi tí mo dàgbà jù wọ́n lọ ni mo ní kí o lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀, bó ti wù kó ga tó. Jókòó kí ojú rẹ àti ojú rẹ̀ lè dọ́gba, kí o sì sọ pé: “Ṣùkúrà, mo ba ohun tí ìwọ àti ìyá rẹ ṣe jẹ́. Mi ò mọ̀ pé kì í kan omi. Ìyókù wà níbi tí o fi í sí. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ àfi tí o bá ní kí n fọwọ́ kàn án. Wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí.”

Dúró níbẹ̀. Má fi “ṣùgbọ́n” kún un. Má ní, “Ṣebí èmi náà ni ìyá rẹ báyìí.” Má ka iye ìgbà tí o ti se ìrẹsì tó fẹ́ràn. Bí kò bá dá ọ lóhùn, kí Ràbí, dìde, máa lọ sílé, kí o sì padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Tí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò mú ọjọ́ tí yóò gbàgbé, kì í ṣe ìwọ.

Bí ó bá padà, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí nípa búrọ́ọ̀ṣì àti ìrẹsì àti kànáfùrù, má sáré kó o jáde bí olùkọ́. Bi í. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí ẹ ṣe, àfi tó bá ní kí ẹ bomi rin ín. Àwọn tó ti já lórí, kó kó wọn sínú àwo tánganran kékeré pẹ̀lú kànáfùrù, kó gbé e síbi tó bá wù ú. Òdòdó tó já kò tíì di ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kan gbogbo rẹ̀ yóò gbó, yóò sì máa wó bí iyẹ̀fun, nítorí kò sí ohun gbígbẹ tí í wà títí láé. Ọjọ́ yẹn, òun ni yóò sọ pé ó tó. Ìwọ má kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ gbin ṣọkọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ó bá yọ òdòdó, tí ìrì ti gbẹ lórí rẹ̀ láàárọ̀, ẹ gé e, ẹ já ewé rẹ̀ kúrò, ẹ fi rọ́bà so ó ní díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà ni, kì í ṣe okùn, nítorí igi rẹ̀ yóò súnkì bí ó bá ṣe ń gbẹ, okùn yóò sì tú. Ẹ dorí rẹ̀ kodò nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń wọ̀. Bí ọyẹ́ bá wà, kò ní pẹ́. Orí ọkà bàbà dára, òwú tó là lórí igi rẹ̀ dára; èmi yóò rà wọ́n fún yín ní Jankara. Bí ẹ bá ń tò wọ́n, da iyanrìn sí ìdí ìkòkò kó má baà ṣubú, má sì tò wọ́n bí ọmọ iléèwé tó ń lọ sí kíláàsì. Jẹ́ kí ọ̀kan ga, kí ọ̀kan tẹ̀, kí àyè wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò mìíràn ni kí tuntun wà. Ti Bùṣírá kó dá dúró. Ilé tó gba ìkòkò méjì kì í ṣe ilé tó há.

Ìwọ náà má sọ ara rẹ di ọ̀daràn nítorí basíà kan. O rí eruku lórí ohun obìnrin tí o kò mọ̀, o sì fẹ́ kó mọ́ fún ọdún. Mo mọ ẹni tí mo bí. Ọkàn tó ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀, kò sì lè mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kí Kàmọ́rù fún mi. Sọ fún un pé mo ní kó máa jẹun tán. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí o fi lọ bẹ ọmọ náà kó ire wọlé fún ọ. Èmi Ràmọ́tà, ìyá rẹ, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Tájù ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, owó sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe tìrẹ. Àpótí onígíláàsì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún ìkòkò Bùṣírá. Kí Ṣùkúrà fúnra rẹ̀ mú káfíńtà wọlé, kí káfíńtà wọn ìkòkò náà lójú ọmọ kó tó gé pákó, kí ó dá ihò wẹ́wẹ́ sẹ́yìn fún atẹ́gùn, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ṣùkúrà ni kó mú kọ́kọ́rọ́ náà. Bí káfíńtà bá ní òun yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì fún ìyá ilé, sọ fún un pé o kò fẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlógójì náírà ni owó náà. Fi gbogbo rẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́, kó san án fúnra rẹ̀.